Aṣọ Wo Ni Kí A Wọ̀ Lọ sí Ọdún Iṣu?



Ọ̀rọ̀ aṣọ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe aṣọ oko. Aṣọ ọdún ni, èyí tí a ó wọ̀ lọ síta gbangba níbi tí ìlù ń dún, tí a ó sì fi jó láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé máa ń ṣe Ọdún Iṣu. Nínú ìwé Faransé, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ báyìí: Odon-Tsu. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lomé àti ní òkèèrè máa ń wálé nígbà náà. A ń jẹ iṣu tuntun, a ń dúpẹ́, a sì ń kí ara wa. Àwọn oníjó Tchébé ń gun igi gíga jó lójú agbo.

Ẹ wo àwọn oníjó Tchébé yẹn dáadáa. Igi tí wọ́n ń gùn lè ga tó mítà 4 tàbí 5. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti so igi náà mọ́ ẹsẹ̀ wọn gírígírí. Wọn kì í wọ ohun tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá múra dáadáa yóò ṣubú.

Àwa tí a ń jó nílẹ̀ náà nílò ìmúra. Aṣọ ọdún tó dára ní iṣẹ́ 3 láti ṣe:

1. Kí ó dùn ún wò, kí inú wa sì dùn.
2. Kí ó jẹ́ kí ara tù wá títí ijó yóò fi parí.
3. Kí ó má fi gbèsè sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀pọ̀ wa ń ronú nípa iṣẹ́ kìíní nìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oòrùn, òjò àti atẹ́gùn alẹ́

Àwọn àgbà sọ pé aṣọ ìgbà là ń dá fún ìgbà. Kí a tó yan aṣọ, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: kí ni yóò bá wa lójú agbo?

Oòrùn yóò bá wa. Aṣọ dúdú ń fa ooru oòrùn mọ́ra. Aṣọ funfun àti aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń dá ooru náà padà. Ní Glidji, lẹ́bàá Aného, àwọn Guin máa ń wọ aṣọ funfun nígbà ọdún òkúta mímọ́ wọn. Nítorí ẹ̀sìn ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń tù wọ́n lára pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ràn aṣọ aláràbarà, ẹ wọ̀ ọ́. Kìkì pé kí ẹ má fi gbogbo ara sínú dúdú ní ọ̀sán gangan.

Aṣọ tó fún mọ́ra kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Òógùn yóò dúró sí ara, ara yóò sì máa yún ẹni. Bùbá tó fẹ̀ àti ṣòkòtò tó sọ̀ dára ju èyí tó fún pinpin lọ.

Òjò lè bá wa. Oṣù kẹjọ kì í ṣe oṣù ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá tutù yóò fi ara hàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ wọ yẹ̀rì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú àpò ọ̀rá kékeré kan dání fún owó àti tẹlifóònù.

Atẹ́gùn alẹ́ pẹ̀lú yóò fẹ́. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn ni òtútù máa ń kọ́kọ́ mú. Ní agbègbè Atakpamé, a ní àwọn ahunṣọ tó mọṣẹ́, tí wọ́n ń hun kente ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì ń rán pọ̀ di odindi aṣọ. Aṣọ yìí lẹ́wà, ó sì níyì, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń mú ooru. Ó yẹ àgbà tó jókòó sábẹ́ ibòji, ó sì yẹ láti fi bora lálẹ́. Ẹni tí yóò jó ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ó wọ aṣọ tó fúyẹ́.

Ẹ ka etí aṣọ

Ní ọjà, aṣọ pọ̀ débi pé ojú ń ṣú ẹni. Ẹni tó ń tà á yóò sọ pé: «Ojúlówó ni.» Nígbà tí a kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni a gbọ́kàn lé. Ní báyìí, ẹ ti mọ̀wé kà. Ẹ mú etí aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kìíní tí ẹ ó wá ni èyí: COTON. Òwú ni ìtumọ̀ rẹ̀, òwú kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbìn. Bí wọ́n bá kọ 100% COTON, wọ́n ń sọ pé òwú nìkan ni, kò sí àdàlù. Aṣọ òwú ń mu òógùn, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí: POLYESTER. Aṣọ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni, ó sì jọ ọ̀rá. Kì í tètè hunjọ, ó sì ń tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n kò mu òógùn dáadáa, ó sì léwu nítòsí iná. Nínú aṣọ tí a ti rán tẹ́lẹ̀, ẹ wo ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ó rí aṣọ kékeré kan tí a kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkìrìkà, tí àwọn ará Lomé ń pè ní abloni, ẹ máa wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni èyí: WAX. Etí aṣọ wax ti Hólándì ni a ń kọ VERITABLE WAX HOLLANDAIS àti VLISCO sí. Vlisco jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Helmond ní Hólándì. Ọdún 1846 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ará Hólándì wo bí àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ṣe ń fi ìda ya àrà sára aṣọ kí wọ́n tó pa á láró. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ń kó o wá tà ní Áfríkà. Níwọ̀n bí a ti ń tẹ àrà náà sí ojú àti ẹ̀yìn, àwọ̀ wax gidi máa ń le ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ojú aṣọ bá ń tàn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ràn, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀.

Kí ló dé tí wax fi wọ́n tó báyìí? Láti nǹkan bí ọdún 1960, àwọn obìnrin oníṣòwò Lomé ń ra aṣọ Hólándì lọ́pọ̀, wọ́n sì ń tà á káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Wọ́n lówó débi pé wọ́n ń gun ọkọ̀ Mercedes-Benz. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì sí owó Faransé. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè ra wax Hólándì mọ́. Aṣọ tí kò wọ́n, tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, wá kún ọjà.

Kì í ṣe pé gbogbo aṣọ tí kò wọ́n ni kò dára. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò wúlò dáadáa fún ijó. Ohun tí kò dára ni kí a san owó Hólándì fún aṣọ tí kì í ṣe ti Hólándì. Àwọn kan máa ń tẹ orúkọ tó jọ orúkọ gidi, tí lẹ́tà kan yóò sì ti yí padà. Nítorí náà, ẹ má wo ọ̀rọ̀ náà fìrí. Ẹ kà á tán.

Ẹ dán an wò

Ìwé lè purọ́. Nítorí náà, ẹ tún fi ọwọ́ ara yín dán aṣọ wò.

Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ òwú tí a ti fọ̀ rí, yóò mu omi náà kíákíá. Aṣọ tuntun tí a fi àtè mú le lè má tètè mu ún, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún igun rẹ̀ rìndìn.

Bí ẹ bá ti rà á délé, ẹ fa fọ́nrán òwú 1 tàbí 2 yọ ní etí rẹ̀. Kí àgbàlagbà fi iná kàn án lórí àwo irin tàbí lórí ilẹ̀, jìnnà sí aṣọ àti sí ọmọdé. Òwú yóò jó bí ìwé, yóò sì di eérú rírọ̀. Polyester yóò yọ́, yóò ká jọ, yóò sì di kóró líle. Bí ó bá jẹ́ àdàlù, ẹ ó rí méjèèjì. Nígbà náà, ẹ ó mọ ẹni tí ẹ ó tún rà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ẹ kò ní rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ bá gbé e fún télọ̀

Ẹ kọ́kọ́ rẹ aṣọ òwú sínú omi tútù, kí ẹ sì sá a kí ó gbẹ, kí télọ̀ tó gé e. Aṣọ òwú máa ń sún kì. Bí a bá rán an láìrẹ ẹ́, ó lè di aṣọ àbúrò ẹni lẹ́yìn ìfọ̀ kìíní.

Ẹ sọ nǹkan 4 fún télọ̀:

1. Kí abẹ́ apá fẹ̀, kí a lè gbé ọwọ́ sókè jó.
2. Kí ó rán oríkèé aṣọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó má baà ya.
3. Kí ó fi àpò kan sí inú, tí ọwọ́ olè kò ní tètè dé.
4. Kí ó fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a lè tú u fẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Kí ẹ tó sanwó fún un, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọn èjìká, ẹ gbé ẹsẹ̀ 2 tàbí 3 bí ẹni ń jó. Bí ó bá há yín nílé télọ̀, yóò há yín jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú agbo.

Orí àti ẹsẹ̀

Gèlè ńlá dára, ṣùgbọ́n bí ó bá le jù, orí yóò máa fọ́ ẹni kí ó tó di ọ̀sán. Ẹ wé e kí ó rọ̀ díẹ̀. Akẹ̀tẹ̀ ń dáàbò bo ojú àti ọrùn. Fìlà ń bo àtàrí nìkan.

Ìlú orí òkè ni Atakpamé. A ń gùn, a sì ń sọ̀. Bàtà gogoro kò yẹ ibẹ̀. Bàtà tuntun tí a kò wọ̀ rí pẹ̀lú lè bó ẹsẹ̀ ẹni. Bí ẹ bá ra bàtà fún ọdún, ẹ máa wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀ dára ju sìlípáàsì lọ, nítorí kì í yọ nígbà ijó.

Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ̀dún orin ńlá kan wà tí a ń pè ní Glastonbury. Ọdún 1970 ló bẹ̀rẹ̀, lórí oko kan ní abúlé Pilton. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ilẹ̀ a di ẹrẹ̀. Ẹ ó rí olówó àti tálákà tí wọ́n wọ bàtà rọ́bà gígùn, irú èyí tí àgbẹ̀ ń wọ̀. Kò sí ẹni tó ń tijú rẹ̀.

Alùpùpù àti iná

Ẹ fetí sí apá yìí dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Lọ́jọ́ ọdún, ọ̀pọ̀ wa ń gun zémidjan. Etí ìró, ìborùn tàbí agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè wọ inú táyà tàbí ṣéènì. Bí ẹ̀rọ bá fà á, yóò fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lulẹ̀. Kí ẹ tó gun alùpùpù, ẹ kó gbogbo etí aṣọ jọ, kí ẹ sì fi í sábẹ́ itan. Ẹ tú ìborùn kúrò lọ́rùn, kí ẹ fi í sínú àpò. Bí ẹ bá pọn ọmọ, ẹ wo okùn ọ̀já náà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ohun funfun kan wà lára yín. Ọ̀nà ńlá tó ti Lomé lọ sí àríwá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù sì pọ̀ lórí rẹ̀. Awakọ̀ kì í tètè rí aṣọ dúdú nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ ọdún, ẹ má wọ polyester sí ìdí iná. Bí iná bá mú un, yóò yọ́ mọ́ ara. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ pa iná náà, kí ẹ da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má fa aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ ara ya. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ọmọ wa

Ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ hàn fún ọmọdé, bí pupa tàbí yẹ́lò, kí ẹ lè tètè rí i láàárín èrò. Ẹ mú bírò àti ìwé pélébé. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí i: orúkọ ọmọ, orúkọ òbí àti abúlé rẹ̀, àti nọ́mbà tẹlifóònù. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ rán an mọ́ àpò inú aṣọ rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta, kí àjèjì má baà fi orúkọ pè é bí ẹni mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá sọnù, ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwé yẹn ni yóò mú un padà wálé.

Aṣọ ẹgbẹ́ àti àpò owó wa

A ti dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ ń fi ìfẹ́ hàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Nàìjíríà, níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba tí ó máa ń tẹ̀lé ọdún Iléyá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ aṣọ kan náà, ó sì ń wuni. Tiwa náà ń wuni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò.

Ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Pagne 3, tí í ṣe ọ̀pá 6, jẹ́ 9,000 F. Télọ̀ gba 4,000 F. Gèlè jẹ́ 2,000 F.

9,000 + 4,000 + 2,000 = 15,000 F

Ìyá kan kò ní 15,000 F lọ́wọ́. Ó ta àpò àgbàdo 2 fún oníṣòwò nígbà tí àgbàdo ṣì wà lóko, ní 7,500 F lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí 15,000 F rẹ̀ gbà, ó sì ra aṣọ. Ká ní nígbà tó yá, àpò àgbàdo 1 di 15,000 F lọ́jà. Àpò 2 ì bá ti mú 30,000 F wá fún un. Kí wá ni iye aṣọ náà gan-an? Kì í ṣe 15,000 F mọ́. Ó ti di 30,000 F. Oníṣòwò ló jẹ èrè iṣẹ́ oko rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ni a ń jó. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ yóò béèrè ìwé, bírò àti aṣọ ilé-ìwé. Aṣọ ọdún tó lé ọmọ padà láti ilé-ìwé kì í ṣe aṣọ ayọ̀. Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san lè jókòó sílé lọ́jọ́ ọdún nítorí ìtìjú. Ọdún gbogbo ìlú ni Ọdún Iṣu. Kò yẹ kí aṣọ lé ọmọ ìlú kúrò lójú agbo.

Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe?

Ẹ lè yan gèlè kan náà tàbí fìlà kan náà, kí oníkálukú sì wọ aṣọ funfun tó ní tẹ́lẹ̀. Ìṣọ̀kan yóò hàn, owó kò sì ní pọ̀. Ẹ lè pinnu pé aṣọ kan ni ẹ ó lò fún ọdún 3. Ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ láti oṣù kìíní. Láti ìgbà náà dé ìparí oṣù keje jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30. Bí ẹnì kan bá ń dá 500 F lọ́sẹ̀, 500 × 30 = 15,000 F. Yóò ra aṣọ rẹ̀ láìta àgbàdo lóko. Ẹ kọ owó tí oníkálukú dá sínú ìwé, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì lè kà á.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Bí ẹ bá rí ẹni tó wọ aṣọ àtijọ́ tó mọ́ tónítóní wá sójú agbo, ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ jọ jó.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ẹgbẹ́ yín

1. Aṣọ wo nínú àpótí yín ni ẹ lè wọ̀ lọ sí ọdún tó ń bọ̀ láìra tuntun?
2. Ẹ mú aṣọ 3 wá sí kíláàsì. Kí ni wọ́n kọ sí etí wọn tàbí sí ọrùn wọn?
3. Ẹ kọ ìwé pélébé ti ọmọ kan, pẹ̀lú nǹkan mẹ́ta tí a dárúkọ.
4. Bí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ èèyàn 20, tí oníkálukú sì ń dá 500 F lọ́sẹ̀, èló ni ẹ ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4?

 Kí iṣu tuntun bá wa láyọ̀, kí a sì jó délé ní àlàáfíà.